Màmá Fóòmù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olùkọ́ Tó Fi Tẹ́ńsọ̀ Lé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun Lọ́wọ́

Ọdún 1948 ni wọ́n bí olóògbé, ìyá wa ọ̀wọ́n, nínú ilé alájà méjì kan tó kọjú sí ojú irin, sínú ìdílé atẹ̀wé. Bàbá wọn àgbà ló ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́, bàbá wọn ló ra ìkejì, ariwo ẹ̀rọ méjèèjì ló sì máa ń rẹ Màmá sùn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá wọn jẹ́ agbẹ̀bí nílé ìwòsàn, obìnrin tí kì í pariwo. Bí wọ́n bá ti wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan báyìí, onítọ̀hún á ti mọ̀ pé òun ti ṣe ohun tí kò dáa. Ọmọ kẹta ni Màmá nínú ọmọ márùn-ún. Àbúrò wọn ọkùnrin tó jẹ́ àbíkẹ́yìn nìkan ló ṣẹ́ kù nínú wọn, ó sì wà láàrin wa lónìí. Ẹ bá wa kí i, ẹ̀gbọ́n tó mọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ló lọ yìí.

Nílé ìtẹ̀wé nígbà náà, lẹ́tà irin ni wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀, òdì ni wọ́n sì ń tò ó kó lè bọ́ sí ọ̀nà nígbà tó bá kan bébà. Kí Màmá tó wọ ilé-ìwé ni wọ́n ti ń bá bàbá wọn ka lẹ́tà òdì yìí nínú àpótí irin. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé kíláàsì, tí tíṣà kọ lẹ́tà sára pátákó, Màmá sọ fún tíṣà pé wọ́n kọ ọ́ lódìlódì. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ nínú àpótí yẹn kò fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó sí òdì kejì tábìlì wọn, tó rò pé òun nìkan ló ń rí ohun tí òun kọ, Màmá ti kà á láti òkè délẹ̀ kí ó tó la ẹnu.

Ní 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 1961 wọ́n wọ ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n máa ń gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ipò kìíní ló ń dùn mọ́ wọn nínú. Bí nǹkan ò bá yé wọn, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn. Ìyá wọn á ní kí wọ́n jẹun, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, oúnjẹ á tutù, ìyá á gbé e kúrò láìsọ̀rọ̀. Ní 1967 ni wọ́n wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ físíìsì. Nínú gbogbo kíláàsì náà, obìnrin méjì péré ni wọ́n.

Ọdún kẹta wọn níbẹ̀ ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó darí ìyókù ayé wọn, a sì bẹ̀ yín kí ẹ ní sùúrù fún wa bí a ti ń sọ ọ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ èyí kò mọ Màmá. Olùkọ́ kan, tó jẹ́ ọmọwé gidi, wọlé lọ́jọ́ náà, ó sì kọ ìtumọ̀ tẹ́ńsọ̀ sára pátákó: tẹ́ńsọ̀ ni ohunkóhun tó bá ń yí padà gẹ́gẹ́ bí tẹ́ńsọ̀ ṣe ń yí padà. Màmá nawọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí jọ bí ìgbà tí wọ́n bi ènìyàn pé ta ni bàbá rẹ, tó ní ọkọ ìyá òun ni. Olùkọ́ náà kò bínú. Ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí náà. Tó bá yá, á yé ọ." Màmá kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n há a sórí, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n gba máàkì tó pọ̀ jù lọ. Wọn ò fi bò fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú pé kò yé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba máàkì náà, àti pé ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn fúnra wọn ti di olùkọ́ kí ó tó yé wọn.

Àsìkò ìdánwò kan náà ló mú kí wọ́n pàdé bàbá wa. Orí ń fọ́ Màmá, wọ́n sì wọ ilé oògùn kan lójú pópó láti ra oògùn. Apòògùn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ta ẹyọ díẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n padà wá, ó kọ̀, ó ní oorun ni wọ́n nílò. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣe ìṣirò iye oògùn tí ara ènìyàn lè gbà, apòògùn náà dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, títí ó fi tó àkókò láti ti ilé oògùn. Bàbá máa ń sọ pé àwọn ló jàre. Màmá máa ń sọ pé orí tó ń fọ́ àwọn ni kò jẹ́ kí àwọn borí. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1974, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Nígbà tí àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó láti kọ ìwé yìí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Àkọ́bí ní kí a kọ ọ́ pé Màmá le. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi dánra wò. Àbíkẹ́yìn ní kò sí ìyá tó rọra bíi tiwọn. Ìkejì, tó ń kọ èyí, rántí pé wọ́n máa ń gbàgbé ọjọ́ ìbí gbogbo wa, tí wọ́n á sì bẹ̀ wá tinútinú lọ́jọ́ kejì. Ìkẹta ní wọn kò gbàgbé tòun rí. Bàbá ló dá sí i. Wọ́n ní, "Kò sí ẹni tó purọ́ nínú yín. Ibi tí kálukú dúró sí ló ti ń wò wọ́n. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀." A ti kọ ọ́.

Ọdún 1973 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Wọn kò di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwé tí wọ́n kọ jáde kò tó, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀; a ò ní fi irọ́ ṣe òkú lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ nídìí iṣẹ́ náà: kí ẹ̀kọ́ tẹ́ńsọ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú ìlànà ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, kí ó yé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìtumọ̀ kankan lé wọn lórí, kí ó sì dúró níbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn bá ti lọ. Wọ́n ní ìwà ìkà ni kí a fi ọ̀rọ̀ tí kò yé ènìyàn dẹ́rù bà á, kí a sì wá pe ìbẹ̀rù yẹn ní ẹ̀kọ́.

Àlàyé wọn rèé, bí a ti gbọ́ ọ nílé títí tó fi há sí wa lórí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo ni yàrá yìí ṣe gbóná tó, nọ́ńbà kan ti tó láti fi dáhùn. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ níta, nọ́ńbà nìkan ò tó mọ́; wàá sọ bó ṣe le tó, wàá sì nawọ́ sí ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn wà tó jẹ́ pé bí o bá tì wọ́n síhìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n á yà sí, bí o bá sì tì wọ́n láti ibòmíràn, wọ́n á tún dá ọ lóhùn lọ́nà mìíràn. Ohun tó ń sọ bí nǹkan náà yóò ṣe dá ọ lóhùn, láti ọ̀nà yòówù kí o gbà tì í, òun là ń pè ní tẹ́ńsọ̀. Màmá á sọ èyí tán, wọ́n á wo ojú wa, wọ́n á ní, "Ṣé ó yé yín?" A máa ń ní ó yé wa, kí a lè ráyè lọ ṣeré. Wọn kì í gbà wá gbọ́.

Ní 1986, Màmá lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka físíìsì, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún kìíní. Ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní ọmọ tí kò tíì rìn dáadáa, ẹ fẹ́ kó sáré. Màmá ní ọmọ náà ti ń sáré nílé tipẹ́, ẹ̀yin lẹ ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì náà pẹ̀lú àdéhùn: bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá yege nínú ìdánwò, ẹ̀kọ́ náà á dúró; bí wọn kò bá yege, á kúrò, kò sì sí ẹni tó máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Màmá gbà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn ni Bàbá ti ilé oògùn dé, tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sórí àga wọn ní pálọ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe, tí wọ́n sì bá igi gbígbẹ pàdé. Màmá ti ṣí tìmùtìmù àga náà, wọ́n ti yọ fóòmù inú rẹ̀ lọ sí yunifásítì.  Bàbá dìde, wọ́n lọ jókòó sórí àga Màmá, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ń jókòó láti ọjọ́ náà wá.

Bí wọ́n ṣe lo fóòmù náà nìyí. Wọ́n fi bírò ya àmì róbótó sójú rẹ̀, wọ́n fa àwọn ọfà láti àárín lọ sí etí, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì di igun méjì tó kọjú síra mú, kí wọ́n fà á. Róbótó á gùn bí ẹyin. Púpọ̀ nínú àwọn ọfà á yà kúrò níbi tí wọ́n kọjú sí. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà méjì péré ni kò ní yà, ṣe ni ti ọ̀nà kan á gùn sí i, ti èkejì á sì kúrú. Lẹ́yìn náà, Màmá á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró síwájú, kí òmíràn lọ dúró ní kọ̀rọ̀ yàrá, kí kálukú fi nọ́ńbà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fóòmù láti ibi tó wà. Nọ́ńbà wọn ò ní bára mu, fóòmù kan náà sì ni wọ́n ń wò. Màmá á ní ohun tí ìtumọ̀ gígùn yẹn ń sọ kò ju báyìí lọ: bí o bá yí ibi tí o dúró sí padà, nọ́ńbà rẹ gbọ́dọ̀ bá ọ yí, kí ohun tí ò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dúró bó ṣe wà.

Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dùn. Àwọn tí kì í wá sí kíláàsì wá. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fún wọn ní orúkọ Màmá Fóòmù, orúkọ tí gbogbo ilé-ìwé fi ń pè wọ́n títí di òní. Gbogbo orí ló ń mì pé ó ti yé àwọn. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ìdánwò dé. Ìbéèrè Màmá lọ báyìí: a yọ́ àbẹ́là sójú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a fi orí ìṣó gbígbóná kàn án láàrin, ibi tí àbẹ́là náà ti yọ́ kò rí róbótó, ó gùn bí ẹyin lọ sí ọ̀nà tí ìlà igi gbà. Ẹ ṣàlàyé. Ìdáhùn rẹ̀ kò le fún ẹni tí ẹ̀kọ́ náà yé: ooru máa ń tètè rìn lójú ìlà igi, ó sì máa ń lọ́ra bó bá ń dá ìlà náà kọjá, igi náà ní tẹ́ńsọ̀ tirẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé ìdáhùn ní tábìlì ilé ìdáná ní ọ̀sán Sátidé. Ìwé àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé igi le, kò ṣé e fà, nítorí náà kò ní tẹ́ńsọ̀. Ìkejì kọ bẹ́ẹ̀. Òmíràn kọ ọ́ pé àṣìṣe wà nínú ìbéèrè náà, kí a fi fóòmù rọ́pò pákó. Bí ìwé ti ń ṣí ni fóòmù ń jáde. Àwọn díẹ̀ gbà á, àwọn yòókù kò gbà á rárá.

Ọ̀gá ẹ̀ka rí máàkì náà, àánú ṣe é. Ó wá sí ọ́fíìsì Màmá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Màdáàmù, ẹ fún wọn ní ìdajì. Wọ́n kúkú mọ nǹkan kan."

Màmá ní, "Ọ̀gá, nǹkan kan tí wọ́n mọ̀ yẹn, fóòmù ni. Tí mo bá fún wọn ní máàkì yìí, ara mi ni mò ń fún."

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe jáde kúrò nínú ìlànà ọdún kìíní nìyẹn. Bàbá sọ fún wa pé ìgbà náà ni àwọn kọ́kọ́ rí ẹkún Màmá. Kì í ṣe pé wọ́n yọ ẹ̀kọ́ wọn kúrò ló ń pa wọ́n lẹ́kún. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fún èmi há sórí. Mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn, mo wá fún wọn ní fóòmù há sórí."  Bàbá po tíì fún wọn, wọ́n sì bá wọn jókòó.

Nínú àwọn tó fìdí rẹmi ni ọmọbìnrin kan wà, òun gan-an ló kọ ọ́ pé igi kò ṣé e fà. Ó wọ ọ́fíìsì Màmá pẹ̀lú ìbínú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fi fóòmù kọ́ wa, ma. Ẹ ò fi igi kọ́ wa."  Màmá ní, "Òótọ́ lo sọ. Wá lọ́jọ́ Sátidé." Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Onígi, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó wà lára àwọn tó gbé pósí Màmá wọ ilé ìjọsìn yìí.

Láti Sátidé náà ni kíláàsì Sátidé ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí nínú ìlànà kankan, kò sí máàkì fún un, ẹni tó bá wù ló ń wá. Yàrá kékeré kan tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ kì í yé kán ni wọ́n ń lò, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, òórùn àbẹ́là sì kún un. Nígbà mìíràn Onígi nìkan ló ń wá, òun àti Màmá á jókòó kọjú síra wọn. Ẹ̀kọ́ náà ti yàtọ̀. Màmá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, wọn kò tún fi ẹ̀rí kan ṣoṣo kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n á kó fóòmù wá, wọ́n á kó pákó àti àbẹ́là wá, wọ́n á sì ti kọ́bọ́ọ̀dù onítáyà kan wọlé tí táyà rẹ̀ ti há ní ìdábùú, tó jẹ́ pé bí o bá tì í síwájú, ògiri ló ń lọ bá. Wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ohun tó pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Wọn kì í pe orúkọ tẹ́ńsọ̀ rárá, àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ohun náà fúnra rẹ̀, tó sì béèrè pé kí ni wọ́n ń pè é. Kí ó tó lọ, yóò sọ àpẹẹrẹ tirẹ̀ láti ilé. Ọ̀kan fa ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ láti igun dé igun, ó fi hàn pé ó ń nà níbẹ̀ ju bí ó ti ń nà bí a bá fà á tààrà lọ. Ọ̀kan ní awọ ẹ̀yìn ọwọ́ bàbá àgbà òun, bí a bá tì í sọ́tùn-ún ó ń rọ́, bí a bá tì í lọ sókè kì í fẹ́ lọ. Màmá fẹ́ràn ti awọ yẹn gan-an. Wọ́n dé ilé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bó Bàbá lọ́wọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn olùkọ́ ọdún kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn ọmọ kan wà tí kì í sọnù sínú ìṣirò bí àwọn yòókù, bí wọ́n bá sì bi wọ́n, ọmọ Sátidé ni wọ́n. Onígi gboyè, ó tún gboyè, ó di olùkọ́, ní 2004 ó sì di ọ̀gá ẹ̀ka. Ó gbé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì náà wá sí ìpàdé. Màmá dìde kúrò nínú yàrá, wọ́n ní àwọn ò lè jókòó sórí ẹjọ́ ara àwọn. Wọ́n wà lórí bẹ́ńṣì ní kọ́rídọ̀ nígbà tí Onígi jáde wá sọ fún wọn pé wọ́n ti gbà á. Màmá béèrè pé àdéhùn wo ni wọ́n fi sí i. Onígi ní ti àtijọ́ náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò rí rí ni wọ́n gbé sínú ìdánwò, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì gbà á. Kì í ṣe gbogbo wọn. Màmá mọ àwọn tí kò gbà á lójú, wọ́n sì ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá kì í pẹ́ dé ilé ìjọsìn, wọn kì í sì í jókòó síwájú. Àdúrà wọn kì í gùn. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ohun tó fẹ́ kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí ọmọ bá béèrè ohun tí wọn ò mọ̀, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀, ọ̀pọ̀ òbí ò sì fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Lápá ti àdúgbò, àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé òpópónà wa. Àwọn ni wọ́n jà títí wọ́n fi tún gọ́tà ìsàlẹ̀ òpópónà ṣe. Wọ́n bá aládùúgbò kan ṣe àríyànjiyàn lórí ọgbà fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn, Màmá ló ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ síwájú nínú àríyànjiyàn.

Ní 2013 ni wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi gbogbo iṣẹ́ yòókù sílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń padà lọ kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ní 2022 ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ìrìn wọn sì dín kù. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n gbà wọ́n sílé ìwòsàn. Onígi wá kí wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwa ọmọ sì wà níbẹ̀. Ó ní òun ti bá ẹ̀ka sọ̀rọ̀, pé àwọn á sún ẹ̀kọ́ tẹ́ńsọ̀ ti ọdún yìí síwájú títí ara Màmá á fi yá, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń retí wọn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà á dùn mọ́ wọn. Màmá mi orí.

"Má sún un," ni wọ́n wí. "Ẹ̀kọ́ tó bá ń dúró dè mí, á bá mi lọ ni."

Onígi ní, "Tí mi ò bá wá lè kọ́ ọ bíi tiyín ńkọ́, ma?"

Màmá ní, "Má kọ́ ọ bíi tèmi. Èmi náà kọ́kọ́ kọ́ ọ bàjẹ́." Onígi sunkún, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tí nọ́ọ̀sì fi wọlé.

Màmá gba ìpè Ẹlẹ́dàá lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2024, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ó lé díẹ̀. Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó dùn wá. A ò ní sọ pé kò dùn wá nítorí pé wọ́n dàgbà. Pé ìyá dàgbà kò mú kí ikú rẹ̀ rọrùn.

Wọ́n fi ọkọ sáyé, apòògùn tó kọ̀ láti ta oògùn fún wọn. Wọ́n fi àbúrò ọkùnrin kan sáyé. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sáyé: ayàwòrán ilé, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé kóòtù, àti olùkọ́ èdè, kò sí ìkankan nínú wa tó kọ́ físíìsì, wọn kò sì fi èyí gbé wa níjà rí. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sáyé, pẹ̀lú àtọ̀mọdọ́mọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò. Wọ́n sì fi akẹ́kọ̀ọ́ sáyé, èyí tí a ò lè kà.

Ó ku ohun kan tí a ní láti ṣàlàyé fún yín. Ọ̀pọ̀ yín ti béèrè ìdí tí ìsìn ìkẹyìn fi bọ́ sí aago méjì ọ̀sán, nígbà tó jẹ́ pé ìsìn òwúrọ̀ ló rọrùn fún àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Nígbà tí a mú ọjọ́ òní, a kò mọ̀ pé òwúrọ̀ òní ni kíláàsì tẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ ti ọdún yìí bọ́ sí. Yunifásítì fi inú rere ní àwọn á ti ẹ̀ka náà pa fún ọjọ́ kan láti bọlá fún Màmá. Àkọ́bí wa fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kí gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sin ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀, a ò sì bá a wí, ìfẹ́ ni. Bàbá ló ní kí a sún ìsìn náà. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ tán ná."

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í jẹ́ kí kíláàsì yẹn parí lásìkò. Bí ẹ bá rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọlé lẹ́yìn tí orin ti bẹ̀rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀kì wà lára aṣọ wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wò wọ́n bí ẹni tó pẹ́ dé. Ẹ súnra yín, kí wọ́n ráàyè jókòó. Ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n ti ń bọ̀.

Ẹ sùn re o, ìyá wa. Kí Ọlọ́run tó fún yín ní sùúrù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún yín ní ìsinmi tó tó o. Ẹ sinmi, Màmá. Ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́.